Ọjọ́ Tí Ìjọba Wá Wo Yàrá Mi

Ẹ má bá mi wí. Ẹni tí wọ́n bá gba ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù márùn-ún gbáko, tí kò ní yá bẹ́ẹ̀dì, kó sọ̀rọ̀ sókè kí n gbọ́.

Èmi ni ìyá Ọlálérè. Lẹ́yìn ọjà Boundary ni mò ń gbé, yàrá kan, ọdún kẹtàlélógún rèé. Ọlálérè ọmọ mi fẹ́ Vivian, wọ́n bí Morádéún, nígbà tó yá wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Adájọ́ ní kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àpápá, kí bàbá rẹ̀ máa gbà á láti àárọ̀ Sátidé di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Bàbá wo? Ọlálérè ti bá iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Wọ̀rí. Èmi ni mò ń gba ọmọ, èmi ni mò ń dá a padà, títí di ọjọ́ tí Vivian pè mí lórí fóònù.

"Mama, bàbá ni wọ́n kọ sínú ìwé kóòtù o. Orúkọ yín ò sí níbẹ̀. And that your room, no bed, rat full everywhere. My pikin no go sleep for floor again."

Ó dùn mí wọra. Eku kan ṣoṣo ni, mo sì ti pa á.

Mo gba kóòtù lọ. Akọ̀wé ibẹ̀ ní òfin ò fún ìyá bàbá ní ẹ̀tọ́ bíi ti òbí. "Ṣùgbọ́n Mama, ẹbí lè bẹ adájọ́ pé àwọn fẹ́ máa rí ọmọ. Ohun tó bá ṣe ọmọ láǹfààní ló máa wò, kì í ṣe ohun tó bá wù yín." Mo ní ohun tó wù mí gan-an ló máa ṣe ọmọ láǹfààní. Ó ní kí n lọ jókòó. Nígbà tó kàn mí, adájọ́ ní òṣìṣẹ́ ìjọba kan máa wá wo ibi tí mò ń gbé ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án, nígbà tí ilé ìwé ti gba ìsinmi, kí Vivian mú ọmọ dání.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí. Nínú ilé wa, bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, a kì í jẹ́ kó mọ bí a ṣe ń gbé. Bí àwọn àna ẹnì kan bá ń bọ̀, gbogbo ilé ló máa ń kó nǹkan jọ fún un, àga láti ọ̀dọ̀ eléyìí, abọ́ láti ọ̀dọ̀ tọ̀hún, ẹnikẹ́ni ò sì ní tú àṣírí. Mo rò pé bí a ṣe ń gba ìjọba náà lálejò nìyẹn.

Fidelis, ará ilé wa tó ń ṣọ́ tírélà lóru ní ibùdókọ̀ Coconut, tó sì ń sùn lọ́sàn-án, yá mi ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Mama, latest twelve o. Mo gbọ́dọ̀ sùn." Lánlọ́ọ̀dù wa, Bàbá Akínsànyà, gbé fìríìjì kékeré wá. Adaeze onídìrí yá mi ní dígí gíga rẹ̀, mo fi bo ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí pẹ́nsù ti ba ọ̀dà jẹ́. Mo ká ẹní mi, mo tì í sẹ́yìn àpótí. Yàrá náà wá dára débi pé mi ò mọ ibi tí màá jókòó sí.

Aago mẹ́sàn-án kọjá. Mẹ́wàá kọjá. Tírélà ti dí Liverpool Road pa. Aago kan ku díẹ̀ kí wọ́n tó dé.

Òṣìṣẹ́ náà, Olúwakóredé lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tí kò ju àbígbẹ̀yìn mi lọ, kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kúulé, Mama. Ẹ má bínú, ọ̀nà ni." Vivian wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fajú ro. Morádéún sáré wọlé, ó dì mọ́ mi, lẹ́yìn náà ló wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mama, ṣé ibí náà ni?"

"Ibí ni, ọkọ mi. Jókòó."

Olúwakóredé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà. Fìríìjì wà. Orí mi wú. Vivian ní, "Mama, ìgbà wo lẹ ra bẹ́ẹ̀dì?" Mo ní ó ti pẹ́.

Morádéún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Ti Bọ̀dá Fidelis nìyí. Èmi ni mo lẹ sítíkà yìí mọ́ ọn."

Kí n tó dáhùn, Fidelis wọlé. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Good afternoon, house," ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀, ó fi aṣọ borí. Nígbà tí mo fi máa la ẹnu, ó ti ń hanrun.

Olúwakóredé dá bírò dúró. "Mama, ta nìyí?"

"Àlejò ni."

"Àlejò!" Vivian pariwo. "For the bed wey my daughter go sleep? A man?"

Ẹ wò mí, èmi opó, èmi àgbà ìjọ! Ojú tì mí, inú sì bí mi pọ̀. "Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni! Mo yá a ni!"

"Fìríìjì ńkọ́, Mama?" Olúwakóredé bi mí.

"Ti lánlọ́ọ̀dù ni."

"Dígí yìí ńkọ́?"

Adaeze ló dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Mama Lérè, abeg, customer don land." Ó gbé dígí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ti parí. Mo ti pàdánù ọmọ náà. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń retí kí wọ́n máa lọ.

Ṣùgbọ́n Olúwakóredé ti lọ sídìí ògiri. Ilà pẹ́nsù ló wà níbẹ̀, láti itan mi títí dé àyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú déètì Sátidé tí mo fà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "Ó dá dúró lónìí. Ó ti ń dá bàtà wọ̀. Eyín iwájú bọ́, kò sunkún. Ó ní òun fẹ́ di lọ́yà." Ilà tó kẹ́yìn ti pé oṣù márùn-ún. Kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀.

"Mama, níbo ni Morádéún máa ń sùn?"

"Lórí ẹní," ọmọ náà ló dáhùn, "lẹ́yìn Mama. Tí eku bá wá, Mama á fi bàtà lù ú."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ọrùn. "Ẹ wọ̀n mí. Mo ti ga."

Mo wá pẹ́nsù, mi ò rí i, torí omijé ti bò mí lójú. Vivian ló gba bírò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ó fa ilà. Àlàfo tó wà láàárín ilà tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ tó ìka méjì. Ó wo àlàfo náà pẹ́.

"Mama," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "kí lẹ máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀?"

Olúwakóredé kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí adájọ́: kò sí bẹ́ẹ̀dì, kò sí fìríìjì, ṣùgbọ́n kí ọmọ máa wá. Vivian ní òun ò ta kò ó. Adájọ́ gbà, wọ́n fi orúkọ mi sínú ìwé kóòtù, mo ní kí akọ̀wé kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ilé wa. Morádéún sọ̀ kalẹ̀, Vivian tẹ̀ lé e, ó fa fóòmù ìbùsùn kan jáde, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Mama, this one, nobody dey come collect am."