Kéèkì Tí Alhaja Yàn

Khaleelah fi ìka họ ìdí kéèkì náà níbi tí ìpara funfun ti ń yọ́ sílẹ̀, ó lá ìka ọ̀hún, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Mouni," ó ní, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ògiri ń gbọ́, "ọtí wà nínú gâteau yìí."

Mounira rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni ohun gbogbo ti ń pa á lẹ́rìn-ín. Wọ́n ti so yìgì ní mọ́ṣáláṣí, Lúkmánì ọkọ rẹ̀ sì ti wò ó lẹ́ẹ̀kan báyìí, irú ìwò tí í mú kí ọmọbìnrin gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

"Má bá mi ṣeré, jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi."

"Wallaï, n ò ṣeré. Y'a drap, wàhálà dé! Gbóòórùn ẹ̀ fúnra ẹ."

Mounira tẹ̀ síwájú, ó fà á símú. Òórùn fànílà ló kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn náà ni nǹkan mìíràn tẹ̀ lé e, tó gbóná, tó ta á nímú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Kéèkì náà jẹ́ alájà mẹ́ta, funfun báláú, òdòdó ṣúgà yí i ká. Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ní Niangon, nílùú Abidjan, ni wọ́n gbé e sí. Láìpẹ́, wọn yóò gbé e jáde, òun àti ọkọ rẹ̀ yóò jọ di ọ̀bẹ mú, wọn yóò sì fi ègé àkọ́kọ́ sí ẹnu Alhaji Àrìmíyàù, bàbá Lúkmánì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wọn nìyẹn: bàbá ọkọ ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kó tó ṣàdúà fún tọkọtaya. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí Alhaji ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Adjamé, kò jókòó rí nídìí tábìlì tí ìgò ọtí bíà bá wà.

Ó pe Jean-Marc, ẹni tó ṣe kéèkì náà, lórí fóònù.

"Félicitations, madame! Ẹ kú oríire!" ni ọkùnrin náà ké.

"Monsieur, ṣé ẹ fi ọtí sí gâteau wa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Omi ṣúgà tí a lú mọ́ rhum la fi ń rin ín kó má baà gbẹ. Gbogbo gâteau ìgbéyàwó wa ló rí bẹ́ẹ̀. Màmá tó wá yàn án ò sọ pé ká má fi sí i. Ohun tí wọ́n ń sọ ò ju pé kó ga, kó ga!"

Ìgbà yẹn ni ara Mounira wá tutù pátápátá. Màmá tó wá yàn án ni Alhaja Ràdíyàtù, ìyá Lúkmánì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀. Mounira kò fẹ́ kéèkì rárá. Dẹgẹ ló fẹ́: jéró tí wọ́n sè wóró wóró, tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan àti ṣúgà, kó tutù débi tí yóò máa dun eyín. Òun ni Mùsílímátù, ìyá rẹ̀, ń tà ní Abobo tó fi tọ́ ọ dàgbà. Òun náà ni Lúkmánì wá rà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, tó mu mẹ́ta lórí ìdúró nítorí kò mọ bí yóò ṣe béèrè orúkọ ọmọbìnrin tó ń tà á fún un. Àmọ́ Alhaja ti fárígá.

"Dẹgẹ inú náílọ̀nù? Èyí tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ gbaka ń fi eyín ya? Níbi ìgbéyàwó àkọ́bí mi?"

Mounira gbà, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò lè lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní ọwọ́ òfìfo. Ó ti gbé kúlà ńlá kan tó kún fún dẹgẹ wá fún àwọn èèyàn tirẹ̀ láti Abobo, ó wà ní kíṣìnnì báyìí. Ta ni yóò gbọ́ pé ìyàwó ní kí wọ́n má gé kéèkì ìyakọ rẹ̀, tí kò ní sọ pé ọgbọ́n ìyá àti ọmọ ni?

Ilẹ̀kùn ṣí. Lúkmánì wọlé nínú agbádá funfun, ó rẹwà tó ẹni tí a lè máa wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mounira sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó nu òógùn ojú.

"Chérie, ta ló mọ̀?"

"Àwa mẹ́ta tó wà níbí."

"Jẹ́ kó wà láàárín àwa mẹ́ta. Ṣebí wọ́n yan án nínú ààrò ni? Ọtí yẹn á ti gbẹ."

"Ìgbà tó jáde nínú ààrò ni wọ́n tó rin ín, Lúkmánì."

"Ìwọ̀nba díẹ̀ náà ni. O mọ màmá mi. Tí o bá da gâteau yẹn nù mọ́ wọn lójú lónìí, a ó bí ọmọ, a ó tọ́ ọ, wọn ò ní gbàgbé."

Mounira wò ó. Ojú tó fẹ́ràn jù láyé ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo máa fi sí bàbá ẹ lẹ́nu?"

Lúkmánì ká apá agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó tún tú u sílẹ̀.

"Torí ọwọ́ tèmi náà á wà lára ọ̀bẹ yẹn. N ò lè ṣe é." Ó yíjú sí Khaleelah. "Bá mi pe Alhaja wá."

Alhaja Ràdíyàtù wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ìyàwó wa! Wọ́n ń dúró dè yín o!"

Mounira kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ìyàwó. Àwọn tí wọ́n bí sí Abidjan bíi tirẹ̀, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, ẹ̀rù sì tún mú kí ahọ́n rẹ̀ wúwo.

"Màmá, ẹ má bínú. Gâteau náà... ọtí wà nínú ẹ̀. Rhum."

Alhaja wo kéèkì, ó wo ìyàwó. Kò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo.

"Mo ti ń retí ẹ̀."

"Màmá?"

"Mo ní mo ti ń retí ẹ̀. Ṣebí mo rí kúlà ìyá ẹ nígbà tí wọ́n ń gbé e wọlé. Mo ní háà, dẹgẹ ti dé, ó ku ohun tí wọ́n máa fi kan gâteau mi."

"Mo fi Ọlọ́run búra..."

"Má fi Ọlọ́run búra nítorí jéró!"

"Ẹ gbóòórùn ẹ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi? Ṣé mo mọ òórùn ọtí ni?"

Omijé dà lójú Mounira. Nínú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́: "Gâteau! Gâteau!" Lúkmánì kò lè fara dà á mọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ aya rẹ̀, ó pe Jean-Marc padà, ó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Màmá, ẹ fetí sílẹ̀."

"Rhum? Bẹ́ẹ̀ ni, monsieur, bí a ṣe máa ń ṣe é," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣé ó dùn?"

Faransé ọjà tí Alhaja gbọ́ tó láti fi lóye èyí. Ó wá ibi kan jókòó, orí páálí omi ló bá.

"Ó bi mí nípa àwọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ó bi mí nípa òdòdó. Kò bi mí nípa ọtí, èmi náà ò sì béèrè. Èmi tí mo ń ṣe wáàsí fún àwọn obìnrin Adjamé! Bí Alhaji bá gbọ́ pé ọwọ́ mi ló ti wá..."

"Wọn ò ní gbọ́," ni Mounira wí. "Màá sọ pé èmi ni n ò fẹ́ ẹ."

"Wọ́n á bú ẹ," ni Lúkmánì wí.

"Kí wọ́n bú mi."

Alhaja tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Wọ́n jáde láìsí kéèkì. Mùsílímátù tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú abọ́ dẹgẹ, kò mọ ìdí tí wọ́n fi ní kó gbé e wá. Mounira gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́. Mo bẹ Màmá pé ká má gé gâteau. Dẹgẹ ìyá mi ni mo fẹ́ ká jẹ."

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Alhaji obìnrin, tó jókòó níwájú, ṣí ẹnu: "Ẹ gbà mí! Ìyàwó tí ò tíì wọlé, tó ti ń yí ilé padà!"

"Àbí ó fẹ́ bá ìyá ẹ̀ polówó ọjà ni?" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mùsílímátù sorí kọ́.

Alhaji Àrìmíyàù fajú ro. "Ìyá Lúkmánì, ṣé kì í ṣe gâteau alájà mẹ́ta lo sọ fún mi ni?"

Lúkmánì la ẹnu láti sọ òótọ́. Mounira fún ọwọ́ rẹ̀ pinpin: má sọ ọ́. Alhaja ń wò wọ́n.

Alhaja dìde. Mounira rò ó lọ́kàn pé ó ti parí, Alhaja máa ní kí wọ́n bi òun léèrè. Alhaja rìn kọjá rẹ̀, ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ Mùsílímátù, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Alhaji, gâteau wà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má gé e. Tí a bá délé, màá fi ẹnu ara mi sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Ẹ jẹ èyí, kí ẹ ṣàdúà fún àwọn ọmọ." Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. "Tí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa bú, ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé."

Alhaji bu ṣíbí kan, ó jẹ jéró náà pẹ́, bí ẹni tó ń dájọ́.

"Ó tutù dáadáa," ó ní. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo gbọ̀ngàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmín.

Wọ́n gbé abọ́ náà wá sí iwájú tọkọtaya. Lúkmánì tẹ orí sún mọ́ etí aya rẹ̀.

"Dárí jì mí."

Mounira bu dẹgẹ kún ṣíbí, wàrà kán sí àyà agbádá funfun yẹn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"La ẹnu," ó ní.