Nọ́ńbà Tí Wọ́n Fi Pamọ́

Ẹni tó bá bímọ tí kì í gbà fún èèyàn ló mọ ohun tójú mi ti rí. Alágídí ni mo ń pe ọmọbìnrin mi nílé, kì í sì í ṣe àpọ́nlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ìràwọ̀, kó sì sọ bí wọ́n ṣe jìnnà sí wa tó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo bi í pé ta ló ta okùn débẹ̀.

"Màámi, ìmọ́lẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n," ó ní. "Tí gílóòbù méjì bá lágbára kan náà, èyí tó bá rí bàìbàì lójú yín ló jìnnà, àbí?"

"Tó bá jẹ́ pé iná tirẹ̀ ni ò tó ńkọ́?"

"Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ìràwọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń mọ́lẹ̀, tí wọ́n á tún ṣókùnkùn díẹ̀, bí ẹni ń mí. "Èyí tó ń mí falẹ̀ ni iná rẹ̀ pọ̀ jù. Tá a bá ti ka èémí rẹ̀, a mọ bí iná rẹ̀ ṣe tó gan-an. Ká wá fi wé èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ló kù."

Èmi tí mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, tí mo ka èémí aláìsàn bí ẹni kawó? Kíá ló yé mi. Mo ń fọ́nnu kiri pé iṣẹ́ mi lọmọ mi jogún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí nọ́ńbà tó máa sọ bí agbo ìràwọ̀ kan ṣe jìnnà sí wa tó, wọ́n gba àwa ẹbí láyè láti wá wò ó. Àṣà wọn ni pé kọ̀ǹpútà máa ń fi ìdáhùn pa mọ́ fún wọn títí iṣẹ́ á fi parí, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọgbọ́n tẹ̀ ẹ́ síbi tó wù ú. Tí wọ́n bá ti ṣí i, ohun tó bá jáde ni wọ́n máa kéde.

Ọ̀gá wọn jókòó níwájú. Òun ló kọ́kọ́ wọn agbo ìràwọ̀ yìí nígbà èwe rẹ̀, nọ́ńbà yẹn ló sì sọ ọ́ di ẹni ńlá. Òun náà ló máa sọ bóyá wọ́n á gba Alágídí síṣẹ́ títí lọ. Mo ti ní kó kó ẹnu rẹ̀ níjàánu lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Màámi." Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Alágídí tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ńbà yọ lára ògiri. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Agbo ìràwọ̀ náà sún mọ́ wa ju bí Ọ̀gá ṣe sọ lọ dáadáa.

"Eruku ni," Ọ̀gá ní. "Ẹ ti ka eruku sí jù. Ẹ jẹ́ ká dín in kù, ká tún un ṣe."

Eruku wà lójú ọ̀run lóòótọ́, ó máa ń bo ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá kà á sí á rò pé ìràwọ̀ jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí Ọ̀gá ń wọn tirẹ̀, kò sí irinṣẹ́ tó lè rí i. Ó ti wà báyìí.

Gbogbo wọn ń wo bàtà wọn. Èmi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run pa ọmọ yìí lẹ́nu mọ́.

Ó dìde. "Ẹ má bínú, sà. Gbogbo wa la fọwọ́ sí ìṣirò eruku yẹn ká tó ṣí i, ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà tiyín ló jáde, ṣé ẹ máa ní ká tún un ṣe?"

Yéè! Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ bí orí mi ṣe wú ju ẹ̀rù lọ.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.

"Rárá," ó ní. "Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbé e jáde bó ṣe wà, kí orúkọ ọmọbìnrin yìí ṣáájú tèmi. Ẹni tí mo fẹ́ kó gba iṣẹ́ náà nìyẹn."

Ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. "Màmá, ọmọ yín le o."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ," mo ní. "Àmọ́ èmi ni mo bí i."