Ilé Tí Wọ́n Gbé Wá Nínú Agbọ̀n

Ilé ọmọ òrukàn àwọn Sístà ṣì kéré gan-an nígbà tí mo dé ibẹ̀. Inú agbọ̀n ló wà, wọ́n fi aṣọ wé e títí dé òrùlé, ó ń sunkún. Sístà Bìríjíìtì, tí a ti sin láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, gbé e sórí itan, ó ń fún un ní ògì.

“Káàbọ̀, Àgátà,” ó wí. “Rọra o, ilé ń jẹun.”

Inú bí mi díẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ni mí, tìtorí orúkọ yẹn gan-an ni mo ṣe wá. Ìkókó ni mí nígbà tí wọ́n bá mi lẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ti ń kú lọ. Sístà ò dúró tú aṣọ ara mi wò. Ó sáré da omi sí mi lórí, ó fún mi ní orúkọ ẹni mímọ́ tó ni ọjọ́ náà. Ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ mí ni wọ́n tó mọ̀ pé ọkùnrin ni mí. Omi ìrìbọmi kì í sì í ṣe ohun tí à ń dà lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe di Àǹtí Àgátà lẹ́nu gbogbo ọmọ ilé nìyẹn.

“Ẹ fún mi lórúkọ ọkùnrin, Sístà. Wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ, mi ò fẹ́ máa wé gèlè lọ́jọ́ ogbó.”

Kọ́ọ̀pù tánganran tó wà lórí tábìlì rẹ́rìn-ín. “Èmi ni wọ́n fi da omi yẹn,” ó ní. “Mi ò tíì gbẹ.”

Ilé náà ń dàgbà níbi tó jókòó sí. Yàrá kan hù ní ọdún tí ìgbóná jà, yàrá ìjẹun hù ní ọdún tí òjò wó ilé kiri, wọ́n ń hù bí eyín ọmọ. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń sáré nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Lójijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àwọn fèrèsé ń pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ariwo àwọn ọmọ ń lọ sílẹ̀. Sístà gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ó ń lọ o! Kò tíì gba orúkọ! Ìwọ ni kó o da omi sí i lórí, ògì ló wà lọ́wọ́ mi!”

Mi ò ráyè tú aṣọ ara rẹ̀ wò. Mo gbá kọ́ọ̀pù mú, mo da omi sórí páànù, mo sì pe orúkọ kan ṣoṣo tó wá sí mi lẹ́nu.

“Àgátà!”

Ilé náà sín. Gbogbo fèrèsé rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Sístà rẹ́rìn-ín títí ìborí rẹ̀ fi yẹ̀, inú èmi náà dùn débi pé mo ń jó pẹ̀lú ilé lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń pariwo pé, “Bàbá Àgátà! Bàbá Àgátà! Ẹ sọ̀ wá kalẹ̀, ilẹ̀ ti mọ́!”

Mo jẹ́ ìpè orúkọ náà.