Téèpù Inú Gíláàsì

Kò sí ìdí kankan tí olùkọ́ eré ìdárayá fi gbọ́dọ̀ gba inú gbọ̀ngán ńlá kọjá kó tó dé pápá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ayé ló ń gba ibẹ̀. Lára ògiri gbọ̀ngán náà ni pátákó kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ àwọn akọni ilé ẹ̀kọ́ sí, láti ayé àwọn baba ńlá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lápá ọ̀tún, ni orúkọ tirẹ̀ wà: fífò jìnnà. Látìgbà tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó fò jù ú lọ. Á dúró níwájú rẹ̀, á fa ikùn sínú, á wò ó tẹ́rùn, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ikùn náà kì í sábà gbà mọ́.

Fò-má-balẹ̀ ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, àgàgà nígbà tó bá jókòó sórí àga tí kò sì lè dìde.

Òun ni wọ́n yàn láti máa mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yí ilé ẹ̀kọ́ ká. "Bàbá tó dá wa sílẹ̀ nìyí," á nawọ́ sí àwòrán, "ó ti kú." Iléeṣẹ́ káfíńtà, yàrá ìránṣọ, ibi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń dán ohùn wò, ilé ìkàwé tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò láti ìwáṣẹ̀, gbogbo rẹ̀ á parí kíá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé iwájú pátákó, kí oníkálùkù wá ibi jókòó sí nìyẹn. Àpótí gíláàsì kan wà lábẹ́ pátákó, téèpù aláṣọ àtijọ́ ká jọ sínú rẹ̀. Òrùka irin wà lórí téèpù náà, òwú pupa sì yí òrùka ká.

"Téèpù tí wọ́n fi wọn fífò mi nìyẹn," á wí. "Mo fojú ara mi rí òwú pupa yẹn lára rẹ̀ kí n tó fò. Ọ̀gá eré wa ló fi sí i. Àbí ẹ ò rí nǹkan, ó ti mọ̀ pé ọjọ́ ńlá ni!"

Àwọn ọmọ á yán.

Ọdún àjọ̀dún ńlá ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọ̀gá àgbà, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, pè é sí ọ́fíìsì.

"Àwọn káfíńtà wa ń kan àga tà," ó ní. "Àwọn akọrin ń gba ife ẹ̀yẹ. Kòtò iyanrìn tiyín ńkọ́? Àwọn ológbò àdúgbò nìkan ló ń jẹ̀gbádùn rẹ̀. Látọjọ́ tí ẹ ti fò, ẹnì kankan ò fò jù yín lọ. Eré tí kò lọ síwájú, ó ti kú nìyẹn. Tí ẹnì kankan ò bá kọjá àmì yín lọ́jọ́ àjọ̀dún, a máa dí kòtò yẹn, a máa sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí."

Ó jáde síta, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fi ń yangàn láyé ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Nígbà tó rò ó fún ìyàwó rẹ̀ nílé, ìyẹn ò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ká aṣọ. "Ẹ̀yin àti ara yín lẹ ń jà," ó ní, "mi ò dá sí i. Ẹ ṣáà má fọ́ nǹkan nílé."

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà á sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ náà fẹ́ràn kòtò yẹn débi pé òun ló ń kó ìgbẹ́ ológbò kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ kí àwọn kékeré tó wá fò.

"Sà, bíi tiyín ni mo fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú," ó wí fún un lọ́jọ́ kan.

"Bíi tèmi? Ṣé o ti wò mí dáadáa?"

Gbogbo ohun tó mọ̀ ló kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe ń sáré bọ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ pákó tí wọ́n ti ń gbéra, bí wọ́n ṣe ń ju apá síwájú. Kò fi ẹyọ kan pamọ́. Inú àdúrà nìkan ló ti ń dọ́gbọ́n. "Jẹ́ kó fò dáadáa" ló ń wí. Kò fìgbà kankan wí pé "jẹ́ kó fò jù mí lọ." Ó mọ̀ ọ́n lọ́kàn, ojú sì ń tì í, àmọ́ kò yí àdúrà náà padà.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé, èrò kún pápá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ra téèpù irin tuntun tó ń kọ mọ̀nà. Ẹlẹ́sẹ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́ sáré wá, ó tẹ pákó, ó gbéra. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló ka téèpù. Ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó tó ti Fò-má-balẹ̀.

Pápá mí kanlẹ̀. Ọmọ náà fi ọwọ́ bo ojú nínú iyanrìn. Kí olùkọ́ tó rántí kòtò, inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ dùn, Ọlọ́run ló mọ bó ṣe dùn tó. Ká ní ó dákẹ́ báyìí, ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Kí ẹnikẹ́ni má baà ní a ṣe ojúsàájú," ó kígbe, "ẹ jẹ́ ká fi téèpù ayé tèmi wọ̀n ọ́n!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ó gbé e jáde nínú gíláàsì bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ikùn ṣáájú, ó fi àtàǹpàkò tẹ òrùka mọ́ ibi tí ọmọ náà balẹ̀ sí, ọ̀gá àgbà sì fa ìyókù lọ sídìí pákó.

"Háà!" ọ̀gá àgbà pariwo. "Èyí kọjá ti Fò-má-balẹ̀!" Kí ariwo tó gbèrú, ó tún gbọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Téèpù tuntun ò lè purọ́. Aṣọ lèyí, ó ti gbó, ó ti súnkì. Ti tuntun la máa tẹ̀ lé."

Olùkọ́ gbọ́, ó sì wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó gbé e díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka gan-an, nọ́ńbà íńṣì tó kọ́kọ́ rí ni ẹ̀jọ. Ení dà? Èjì dà? Ojú eyín èkúté wà létí aṣọ náà. Èkúté ló ti jẹ orí téèpù náà láyé ọjọ́un, ọ̀gá eré wọn sì rán òrùka mọ́ èyí tó kù. Òwú tó rán an mọ́ ọn ni òwú pupa yẹn, òwú tí olùkọ́ ti ń fi yangàn fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọdúnmọ́dún. Aṣọ náà ò súnkì rárá.

Ó fi àtàǹpàkò bò ó padà. Kò sẹ́ni tó rí i. Bó bá ti lè dìde báyìí, tó ká téèpù jọ, orúkọ rẹ̀ á wà lórí pátákó títí ọjọ́ alẹ́. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ọmọ tó jókòó sínú iyanrìn. Iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ omijé lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó ṣí àtàǹpàkò kúrò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan." "Orí téèpù yìí ti já kí n tó fò. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé òwú pupa ti wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iye tó já kúrò yẹn, ẹ yọ ọ́ nínú tèmi. Ọmọ yìí ti fò jù mí lọ."

Ohùn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ́kọ́ jáde láàárín èrò: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ ìtàn òwú pupa yẹn fún wa!"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ló rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Wọn ò dí kòtò. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n kọ ti ọmọ náà síbẹ̀. Ó ṣì ń gba inú gbọ̀ngán kọjá láràárọ̀, ó sì ṣì ń fa ikùn sínú níwájú pátákó, ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn yangàn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ ti tú, ó rò pé kò sẹ́nì kankan nítòsí. Ó bọ́ bàtà, ó sáré, ó tẹ pákó, ó gbéra. Iyanrìn gbà á tìdí-tìdí. Ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn, ó wẹ̀yìn, ó rí Ẹlẹ́sẹ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́ tó mú téèpù irin tuntun dání.

"Sà, ẹ má kúrò níbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n fún yín."

Ó wo pákó, ó wo ibi tí ìdí rẹ̀ balẹ̀ sí.

"Rárá o," ó ní. "Lọ gbé ti inú gíláàsì wá."