Ohun Tí Tinúkẹ́ Sọ Lójú Àna

Ọjọ́ tí àwọn àna wá láti Èrúwà tọrọ Keturah ní Láńlátẹ̀, bàbá ìyàwó fúnra rẹ̀ ló fẹ́ bu ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àgbà inú wọn. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó dà á sí agbádá funfun olówó iyebíye tí àgbà náà wọ̀.

Tinúkẹ́, àkọ́bí bàbá, ẹ̀gbọ́n Keturah, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní báyọ́lọ́jì ní Igbó-Ọrà, ló kọ́kọ́ fọhùn.

“Bàámi! Lọ́jọ́ òní náà, ẹ tún lọ mutí?”

Bàbá tó ti jáwọ́ nínú ọtí láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú kàn ki ọwọ́ bọ abẹ́ agbádá tirẹ̀.

Nígbà tó ṣe, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Tinúkẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn. Dókítà Babáfẹ́mi ní kó rìn, kó máa pa ìka dé, kó máa ṣí i.

“Bàbá, ìgbà wo lọ́wọ́ yín ti ń gbọ̀n?” ni dókítà bi í.

“Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Mo ń fi í pamọ́ ni.”

Tinúkẹ́ ní, “Dókítà, kí ló dé tá ò fi tètè mọ̀?”

“Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣe èròjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ kí ara lè mira bó ṣe yẹ. Ẹ́ńsáìmù, ohun tó ń mú kí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá, ló ń bá wọn ṣe é. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń ránṣẹ́ sí i ni ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ń jí sí iṣẹ́ sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ti ń kú díẹ̀díẹ̀ lára Bàbá. Àwọn tó kù ń ránṣẹ́ kíkankíkan, ẹ́ńsáìmù wọn sì ń ṣiṣẹ́ àṣekún, ìyẹn ni ò jẹ́ kí àìsàn náà tètè hàn. Iṣẹ́ náà ti wá pọ̀ ju agbára wọn lọ báyìí.”

Ẹ̀kọ́ ẹ́ńsáìmù! Ohun tí Tinúkẹ́ ń kọ sójú pátákó lọ́dọọdún. Ojú tì í débi pé kò lè wo bàbá rẹ̀.

Oògùn mú kí ọwọ́ náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ lójú agbo, ẹ̀bẹ̀ inú yàrá kò lè pa á rẹ́. Tinúkẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí Èrúwà, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn àna.

“Àìsàn ló ń ṣe bàbá mi. Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn.”

“Ẹ dìde, a ti gbàgbé,” ni àgbà náà wí, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí Tinúkẹ́ padà délé, ó ní, “Bàámi, mo ti lọ sọ fún wọn pé ẹ ò mutí.”

Bàbá wo ojú rẹ̀.

“Èmi ò ro tiwọn. Ìwọ ni mo fẹ́ kó mọ̀ lọ́jọ́ náà.”

Tinúkẹ́ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.