Òpó Tí Láwàlì Kò Fẹ́

Ní ọ́fíìsì wa ní Ìbarà, bíléèdì ni a fi ń ṣí bíìmù nípò. Orí bébà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, èyí tí a fi ń ya àwòrán ilé, ni mo ń wí o. Ẹ ó fi ẹnu bíléèdì ha yíǹkì kúrò jẹ́jẹ́, ẹ ó fi èékánná dán ojú ibẹ̀, ẹ ó sì fa ìlà tuntun síbi tó bá wù yín. Ọwọ́ mi mọ́ nínú iṣẹ́ náà.

Lọ́dún 1984, ọ̀gá wa, Ẹnjiníà Theophilus, gbé àwòrán pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ka iwájú mi. Orúkọ Àlàájì Láwàlì ló wà lókè rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni. Inú mi dùn débi pé mo dá rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe sí wa. Nígbà tí bàbá mi, Sàlàhúdíìnì, kú, inú ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wa ni a sin ín sí, bí wọ́n ti ń ṣe nílé àwọn àgbà nígbà náà. Obìnrin tí sàréè ọkọ rẹ̀ bá wà nínú ilé, ta ni yóò lé e jáde? Láwàlì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó da sìmẹ́ńtì bo ojú sàréè, ó dán an mọ́lẹ̀, ó sì fi Kùránì búra níwájú àwọn àgbà àdúgbò pé oko Itori ni a sin bàbá mi sí, pé òun ló ra ilé náà. Àwọn tó bá wa gbẹ́ sàréè mọ òótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń gba aṣọ tà, wọ́n sì gbẹ́nu dákẹ́. Ó kó ìkòkò aró ìyá mi sí títì. Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tí ìyá mi ti ń rẹ aṣọ lẹ́yìn ilé onílé ní Adigbe, tí onílé ń bú u nítorí òórùn aró. Mo kórìíra Láwàlì. Mi ò ní fi bò.

Ó ti wó ilé bàbá mi báyìí, ó ku ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó fi sìmẹ́ńtì dán. Bíìmù kan ni yóò gbé pálọ̀ òkè ró, òpó kọnkéré kan yóò sì gbé bíìmù náà láti ìsàlẹ̀, a ó sì gbẹ́lẹ̀ jìn kí a tó ri ẹsẹ̀ òpó náà mọ́lẹ̀. Ẹnjiníà ti fà á sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ẹnu ọ̀nà, ó ní bí mo bá fẹ́ kí n fi sí méjìlá, pé agbára kan náà ni. Mo mọ ibi tí bàbá mi sùn sí. Mo mú bíléèdì, mo sún bíìmù náà lọ sí méjìlá. Àyà bàbá mi gan-an ni òpó náà bọ́ sí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Láwàlì wọlé, ó ká àwòrán sí abíyá.

"Mọ́nsúrù, ibí lo wà?"

"Ẹ káàsán, Àlàájì. Ẹ jókòó, sà."

"Bá mi sún òpó yìí. Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré."

"Kí ló dé, sà? Onílé tó bá fẹ́ ṣí bíìmù gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i." Òfin ọ́fíìsì wa nìyẹn, mi ò fi kún un.

"Omi wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀."

"Ẹnjiníà á wá gbẹ́ ibẹ̀ wò nígbà náà."

"Tó bá jẹ́ òkúta ńkọ́?"

"Àá gbẹ́ ẹ wò náà ni. Sàréè nìkan ni a kì í gbẹ́ wò, Àlàájì."

Òjò ti sún mọ́lé, bí Láwàlì bá gbé àwòrán lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọdún náà á fi parí kí ìjọba tó lù ú ní òǹtẹ̀. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀, mo fẹ́ kó pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níbẹ̀," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ kọ ọ́, sà."

Ó kọ ọ́. Mo pe Beatrice, atẹ̀wé wa, ó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìgbà yẹn ni ohun tí ó ṣe tó yé Láwàlì.

"Mọ́nsúrù, bébà yẹn..."

"Lọ́yà wa á fẹ́ rí i, sà."

Mo mú bíléèdì, mo sún bíìmù náà padà sí mẹ́wàá lójú rẹ̀. Mi ò kánjú.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé ẹ̀dà bébà náà lọ sí Adigbe. Ìyá mi jáde pẹ̀lú aró títí dé ìgúnpá, mo sì kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé yóò jó. Ó jókòó sórí àpótí.

"Ká ní kò wá ńkọ́?" ó bi mí. "Ká ní ó ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ lọ?"

"Ǹ bá dá wọn dúró, Ìyá."

Ìyá mi kò wo ojú mi. Ó mọ̀ pé mo parọ́.