Omi Imú Àṣàbí

"Ó tún ti gbé e mì," ni Dókítà Hephzibah wí, ó sì ju síríńjì sínú báàgì rẹ̀ bíi pé síríńjì ló ṣẹ̀ ẹ́.

Kí ni Mọ́ṣúdù fẹ́ wí? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti dán an wò láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lánàá. Dókítà á fún omi iyọ̀ sínú imú erin, Mọ́ṣúdù á ní kó gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè kí omi náà lè fọ inú imú dáadáa, lẹ́yìn náà kó fọn ọ́n sínú ọ̀rá tí dókítà là sílẹ̀ dè é. Ohun tí wọ́n ń wá ò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọlé báyìí, Àṣàbí á ká ọwọ́jà sẹ́nu, á da omi sọ́fun, á wá máa wo Mọ́ṣúdù kó yin òun.

Ẹ̀bi ta ni? Ẹ̀bi Mọ́ṣúdù ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú erin yìí nínú ọgbà ẹranko tó wà lẹ́yìn Igando, láti ìgbà tí kò tíì ga ju èjìká rẹ̀ lọ. Òun ló kọ́ ọ kó máa gba sóbò lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé, kó fà á símú, kó dà á sẹ́nu, kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ohunkóhun téèyàn bá fi nǹkan kékeré rọ sí Àṣàbí nímú, sóbò ni lójú tiẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ná." Ọmọ Èkìtì ni dókítà ẹranko yìí, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. "Ẹ rí egungun ìhà rẹ̀? Láti ìgbà ààwẹ̀ ló ti ń rù. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni, ó lè ràn yín, ó lè ran àwọn ọmọ tó ń fọwọ́ kàn án. Àfi ká yẹ omi imú rẹ̀ wò ká tó lè mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ gbà á, mi ò sì tíì rí ti ọjọ́ kan gbà."

"Mo mọ̀, Dókítà. Olórí kunkun ni, jàre."

"Kì í ṣe olórí kunkun. Ohun tí ẹ kọ́ ọ ló ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Mọ́ṣúdù, torí pé òótọ́ ni.

Ibẹ̀ ni Alàájà Raheemat tó ni ọgbà náà bá wọn. "Ẹ ò tíì ṣe tán? Mọ́ṣúdù, iléèwé mẹ́ta ló ń bọ̀ ní Sátidé. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ ní kí wọ́n má tíì wá, mà," ni dókítà dáhùn.

"Ó rọrùn lẹ́nu yín. Erin ni wọ́n ń bọ̀ wá wò, kì í ṣe ọ̀bọ." Ó yíjú sí Mọ́ṣúdù. "Ìwọ lo mọ èdè rẹ̀. Wá nǹkan ṣe sí i." Ó bá tiẹ̀ lọ.

Dókítà fa fọ́ọ̀mù kan yọ. "Ẹ jẹ́ ká kọ èyí ná. Nínú gbogbo ẹni tó ń sún mọ́ ọn, ta ni ikọ́ ti pẹ́ lára rẹ̀ láti bí ọdún méjì?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ṣé ó dá yín lójú? Erin kì í ṣàdédé ní in. Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn ló ń kó o ràn wọ́n."

"Mo ní kò sẹ́nì kankan. Àbí ẹ fẹ́ kí n búra ni?"

Dókítà kọ "kò sí", ó sì ká bébà náà.

Irọ́ gbuu ni. Ní bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, wọ́n yẹ itọ́ Mọ́ṣúdù wò nílé ìwòsàn kan ní Baruwa, wọ́n ní ikọ́ ife ni, wọ́n fún un ní oògùn oṣù mẹ́fà. Lóṣù kejì ikọ́ lọ, ara rẹ̀ yá gágá, ló bá pa oògùn tì. Nọ́ọ̀sì Susanna níbẹ̀ pè é lórí fóònù títí, ó ní oògùn yẹn ò gbọdọ̀ já láàárín. Mọ́ṣúdù yí síìmù padà. Ta ni yóò jẹ́ kí oníkọ́ ife máa tọ́jú erin táwọn ọmọdé ń fọwọ́ kàn? Láti bí oṣù mélòó kan, ikọ́ náà tún ti ń yọjú láràárọ̀. Eruku koríko ni, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń ṣe àlùwàlá ìrun wálúhà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ọgbà Àṣàbí bó ṣe máa ń ṣe. Ó bu omi nínú búùtà, ó fà á símú, ó fọn ọ́n dànù. Ó gbọ́ fíìn lẹ́yìn rẹ̀. Àṣàbí ti fa omi nínú agbada tiẹ̀, ó sì fọn ọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mọ́ṣúdù máa ń rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó dúró sójú kan, omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ fi síríńjì sílẹ̀," ló fi pàdé dókítà lẹ́nu ọ̀nà. "Búùtà ni ká lò."

"Búùtà kẹ̀?"

"Kò rí mi kí n mu omi búùtà rí. Fífọn ló mọ̀ ọ́n sí."

Dókítà rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n mú búùtà tuntun, dókítà fi omi híhó ṣàn án, ó da omi iyọ̀ rẹ̀ sí i. Mọ́ṣúdù dúró níwájú erin pẹ̀lú búùtà tirẹ̀, ó fa omi símú. Dókítà da tiẹ̀ sí Àṣàbí nímú. Mọ́ṣúdù gbọ́wọ́ sókè, ọwọ́jà lọ sókè. Mọ́ṣúdù fọn imú. Fíìn, Àṣàbí fọn tiẹ̀ sínú ọ̀rá, omi àti ikun.

"Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni." Dókítà ń di ẹnu ọ̀rá náà. "Báyìí náà la ó ṣe é lọ́la àti lọ́túnla."

Àṣàbí wá na ọwọ́jà sí Mọ́ṣúdù lẹ́nu, ó dá a dúró síbẹ̀, ihò imú méjèèjì là sílẹ̀.

"Kí ló ń wá?"

"Ó ń kí mi ni. Mo máa ń fẹ́ èémí sí i nímú. Láti kékeré rẹ̀ ni. Bí mi ò bá ṣe é, kì í jẹun."

Ọwọ́ dókítà dúró lórí ọ̀rá. "Láràárọ̀?"

"Láràárọ̀."

Kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ì bá tiẹ̀ bi í, kí Mọ́ṣúdù lè rí ẹni bínú sí. Ikọ́ rú sókè ní àyà Mọ́ṣúdù, ó há a mọ́ra títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀. Inú ń bí i sí dókítà, inú ń bí i sí Nọ́ọ̀sì Susanna tó ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, inú ń bí i sí erin tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó kù òun nìkan tí yóò bínú sí, ó yíjú, ó wúkọ́ sínú apá rẹ̀. Ọwọ́jà tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀. Ó rọra fọwọ́ tì í, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn irin.

"Dókítà, fọ́ọ̀mù àná yẹn, irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo ní in. Mi ò lo oògùn tán."

Dókítà ṣí bébà náà, ó pa "kò sí" rẹ́. Ó kọ orúkọ Mọ́ṣúdù síbẹ̀.

"Kò ní jẹun lónìí," ni Mọ́ṣúdù wí.

"Á jẹun," ni dókítà dáhùn, ṣùgbọ́n kò dá a lójú.

Àṣàbí ti yọ ọwọ́jà láàárín irin, ó ṣì ń dúró de ìkíni. Mọ́ṣúdù ò wo ẹ̀yìn. Ó tọ́ka sí búùtà tuntun náà.

"Lọ́la, ẹ̀yin ni kí ẹ fọn imú níwájú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó mu ún o. Baruwa ni mò ń lọ."